Bí Ẹ Ṣe Máa Mọ Gbogbo Owó Òtẹ́ẹ̀lì Yín l'Ékòó Kí Ẹ Tó San Kọ́bọ̀

Ìbéèrè kan wà tí àwọn èèyàn kì í yé bi mí bí àsìkò òde bá ti ń sún mọ́lé, pàápàá láti oṣù kọkànlá lọ: "₦60,000 ni wọ́n pè fún mi lórí fóònù. Kí ló wá dé tí ìwé owó tí wọ́n gbé fún mi fi lé ní ₦70,000?"

Èmi ni ẹbí àti ojúlùmọ̀ sábà máa ń ké sí láti bá wọn wá ibi tí wọ́n máa sùn bí wọ́n bá ń bọ̀ l'Ékòó fún ìgbéyàwó, òkú àgbà tàbí ìpàdé iṣẹ́. Ohun tí mo rí ni pé àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó ń purọ́ ojúkojú kò pọ̀ tó àwọn tó kàn ń dákẹ́ títí àlejò á fi gbé àpò wọlé. Ẹni tó bá béèrè ní kíkún kó tó sanwó, wọ́n á dá a lóhùn. Ẹni tí kò béèrè ni owó náà máa ń dúró dè. Ìdí nìyẹn tí mo fi to àwọn ìbéèrè náà síbí, bí ẹ ṣe máa bi wọ́n tẹ̀léra.

## Iye tí wọ́n pè àti iye tí ẹ máa san

Ní òtẹ́ẹ̀lì tó forúkọ sílẹ̀ dáadáa l'Ékòó, nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń gorí owó yàrá:

- VAT, owó-orí ìjọba àpapọ̀, ìdá 7.5 nínú 100. Ìdá 5 ni tẹ́lẹ̀. Oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n fi kún un.
- Owó-orí ìpínlẹ̀ Èkó lórí òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ, ìdá 5 nínú 100. Òfin ọdún 2009 ló gbé e kalẹ̀.
- Service charge. Ìjọba kọ́ ló ni èyí o, òtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ń bù ú lé e. Ìdá 10 ni mo máa ń rí jù. Àwọn kan kì í gbà á rárá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ lórí yàrá ₦60,000. Service charge ìdá 10 jẹ́ ₦6,000, owó ti di ₦66,000. Bí wọ́n bá wá gbé owó-orí méjèèjì lé ₦66,000 yìí, ìdá 12.5 ni, ìyẹn ₦8,250. Àròpọ̀ rẹ̀ ₦74,250 fún òru kan. Fún òru mẹ́ta, ẹ̀yin ti fi ₦180,000 sọ́kàn, àwọn ń retí ₦222,750. Ìyàtọ̀ ₦42,750 yẹn lè gbé èèyàn mẹ́rin délé láti ibi ayẹyẹ, kó sì ṣẹ́kù.

Ọ̀rọ̀ méjì ni kí ẹ máa wò nínú ìwé wọn: "inclusive" àti "exclusive". Ti àkọ́kọ́, wọ́n ti ka gbogbo ẹ̀ mọ́ ọn. Ti ìkejì, ẹ ṣì máa san sí i. Bí ẹ bá sì rí àmì ++ lẹ́yìn iye owó, bíi ₦60,000++, service charge àti owó-orí ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wo àmì yẹn kọjá.

Owó ìdógò, tí wọ́n ń pè ní caution fee tàbí deposit, yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Ó yẹ kí ó padà sọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, ìdí nìyẹn tí ó fi ń ká ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ mọ́. Ẹni tó mú iye owó yàrá nìkan wá lè dúró sí ìsàlẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì ní aago mẹ́wàá alẹ́, kí ó máa pe àbúrò rẹ̀ kí wọ́n fi owó ránṣẹ́.

## Kí ẹ tó sanwó: ìgbésẹ̀ méje

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ àdúgbò tí ohun tí ẹ bá wá wà, kí ẹ tó wo yàrá kankan. Ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

2. Ẹ wo iye tó wà lórí áàpù tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ sì pe òtẹ́ẹ̀lì náà tààrà. Àwọn áàpù ń gba ìpín tiwọn lọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì, nítorí náà àwọn máníjà kan máa ń yọ nǹkan kúrò fún ẹni tó bá pe àwọn fúnra rẹ̀. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ ẹ̀dínwó. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

3. Lẹ́yìn ìpè, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp tàbí ímeèlì, kí èsì wọn lè wà lákọsílẹ̀. Ẹ lè da eléyìí kọ:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ yàrá kan fún èèyàn méjì, láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, èló ni àròpọ̀ owó tí màá san fún gbogbo òru náà, pẹ̀lú VAT, owó-orí Èkó àti service charge? Ṣé oúnjẹ àárọ̀ èèyàn méjì wà nínú rẹ̀? Èló ni owó ìdógò, ìgbà wo lẹ sì máa ń dá a padà? Wákàtí mélòó ni iná ń wà lójúmọ́, ṣé ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo wákàtí yẹn? Bí n kò bá lè wá mọ́, èló ni màá gbà padà?"

4. Ẹ má gba "kò sí wàhálà, ẹ ṣáà máa bọ̀" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Iye owó ni ẹ béèrè. Iye owó ni kí wọ́n kọ.

5. Bí wọ́n bá fi dọ́là pe owó fún yín, ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ ní náírà, kí wọ́n sì kọ ọ́. Bánkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé náírà ni owó tí òfin mọ̀ fún káràkátà nílé. Ohun tó ń dun àlejò jù níbí ni pé òtẹ́ẹ̀lì lè fi iye tó wù ú ṣẹ́ dọ́là náà lọ́jọ́ tí ẹ bá dé.

6. Ẹ san owó sí àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé iṣẹ́ tó ni ín. Bí ó bá jẹ́ orúkọ èèyàn kan ṣoṣo ni ẹ rí, ẹ dúró ná. Ẹ pe nọ́ńbà mìíràn tí ẹ rí fún òtẹ́ẹ̀lì náà, kì í ṣe èyí tí onítọ̀hún fún yín.

7. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín: iye owó, àdéhùn ìfagilé, rìsíìtì. Íntánẹ́ẹ̀tì lè kọ̀ jálẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ nílò rẹ̀.

## Àwọn owó kéékèèké tí kì í sí nínú ìpolówó

Oúnjẹ àárọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ọ̀pọ̀ ibi ló jẹ́ pé oúnjẹ ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú owó yàrá, bẹ́ẹ̀ tọkọtaya ló wọlé. Ẹnì kejì á jẹun tán, owó rẹ̀ á wá yọjú lọ́jọ́ ìkẹyìn. Bí ẹ bá mú ọmọ dání, ẹ béèrè iye ọdún tí wọ́n ń ka ọmọ sí ọ̀fẹ́ mọ, kí ẹ sì béèrè owó bẹ́ẹ̀dì àfikún.

Àwọn yòókù:

- Wíwọlé kí àkókò tó tó, àti pípẹ́ lọ́jọ́ ìjáde. Aago méjì ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ń gba àlejò wọlé, aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n ń ní kí ẹ jáde. Ẹni tó bá dé láàárọ̀ kùtù lè san ìdajì owó òru kan.
- Ohun mímu inú fíríìjì. Omi tí wọ́n gbé sórí tábìlì lè jẹ́ ọ̀fẹ́, ti inú fíríìjì kì í sábà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó ṣí i.
- Oúnjẹ tàbí ọtí tí ẹ mú wá láti ìta. Àwọn kan kò gbà á rárá, àwọn kan ń gbowó lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé kúlà jẹ́lọ́ọ̀fù àti ẹran òde padà sí yàrá, ẹ gbọ́ o.
- Àlejò tó wá kí yín. Àwọn ilé kéékèèké kan máa ń gbowó bí àlejò bá kọjá aago mẹ́wàá alẹ́.
- Ọkọ̀ tó máa gbé yín ní pápákọ̀ òfurufú. "A máa wá gbé yín" kò túmọ̀ sí pé ọ̀fẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ iná nílò gbólóhùn tirẹ̀. "Iná wákàtí 24" lè jẹ́ pé gílóòbù àti fáànù nìkan ni yóò máa ṣiṣẹ́ bí Nẹ́pà bá mú iná lọ, nítorí inverter wọn kò lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù. Ní àwọn ilé àlejò kéékèèké, wọ́n máa ń pa jẹnẹrétọ̀ láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó tan án padà, torí owó dísẹ̀lì. Bí ẹ bá ń mú ìyá àgbà tàbí ọmọ ọwọ́ bọ̀, ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju ti owó lọ. Ẹ má tijú láti bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

## Bí ó bá jẹ́ shortlet lẹ fẹ́

Bí èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún bá ń bọ̀, shortlet, ìyẹn odindi ilé tí wọ́n ń fi háyà fún ọjọ́ díẹ̀, máa ń dínwó ju yàrá òtẹ́ẹ̀lì mẹ́ta lọ, ẹ sì lè se oúnjẹ yín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹbí. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni owó ìdógò ti ń dá ìjà sílẹ̀ jù.

Ẹ ní kí wọ́n kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí fún yín kí ẹ tó sanwó:

- Owó ìmọ́tótó: ṣé ó wà nínú owó ilé, àbí ó dá wà?
- Mítà iná: ta ló ń ra yúnìtì sí i? Mélòó ló máa wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé? Nílé mìíràn, ẹ̀yin lẹ máa rà á, amúlétutù mẹ́ta sì ń jẹ ẹ́ kíákíá.
- Iye èèyàn tó lè sùn níbẹ̀, àti iye tó lè wá kí yín.
- Ohun tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ yọ owó ìdógò: àbàwọ́n lára aṣọ ìnura, kọ́kọ́rọ́ tó sọnù, sìgá, ayẹyẹ nínú ilé.
- Geètì ẹ̀sítéètì: báwo ni àlejò yín ṣe máa wọlé? Ẹ̀sítéètì púpọ̀ ló ń béèrè kóòdù. Bí onílé kò bá gbé fóònù, ojú títì ni àbúrò ìyàwó máa dúró sí pẹ̀lú àpò aṣọ lọ́wọ́.

Ìkìlọ̀: àwọn oníjìbìtì máa ń jí àwòrán ilé rèǹtè-rente kó láti ibòmíràn, wọ́n á wá fi polówó ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ ní kí ẹni náà pè yín lórí fídíò láti inú ilé, kí ó ṣí ẹ̀rọ omi, kí ó tan iná, kí ó sì fi ojú pópó hàn yín láti ojú fèrèsé. Ẹni tó ní ilé lóòótọ́ lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ó bá ń sọ pé èèyàn méjì mìíràn ti fẹ́ sanwó, ẹ jẹ́ kí wọ́n san án.

Ní oṣù Kejìlá, àwọn tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà máa ń gba àwọn ilé Lẹ́kkí àti Victoria Island tán, owó á fò sókè, àwọn onílé á sì máa béèrè pé kí ẹ gba òru mélòó kan, ó kéré tán. Bí kò bá jẹ́ Island ni ayẹyẹ yín wà, ẹ fi Island sílẹ̀ fún wọn.

## Àdúgbò náà ní owó tirẹ̀

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Yàrá tó dínwó ní ₦15,000 ní Àjà kò dínwó rárá bí gbọ̀ngán ayẹyẹ yín bá wà ní Ìkẹjà. Ẹ máa san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ lójoojúmọ́, ẹ sì máa fi wákàtí méjì tàbí mẹ́ta jókòó nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Áàpù ọkọ̀ á tún fi owó lé e bí òjò bá rọ̀.

Ètò ọ̀nà Èkó rọrùn láti rántí. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, gbogbo ọkọ̀ ń dorí kọ Island. Nírọ̀lẹ́, wọ́n ń padà sí Mainland. Third Mainland Bridge, tó gùn tó kìlómítà 11 ó lé, ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà. Ẹ yẹra fún èrò yẹn bí ẹ bá lè ṣe é: ẹ sùn sí Mainland bí iṣẹ́ yín bá wà ní Mainland, bí kò bá sì ṣeé ṣe, ẹ kúrò nílé kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù.

Ibi tí mo sábà máa ń fi àwọn èèyàn wọ̀ sí:

- Òde wà ní Ìkẹjà, Agége tàbí Ọ̀jọ́ta: Ìkẹjà tàbí Maryland.
- Ẹ fẹ́ lọ sí Island àti Mainland lọ́jọ́ kan náà: Yábà tàbí Súrùlérè. Àárín méjèèjì ni wọ́n wà, owó wọn sì mọ níwọ̀n.
- Ẹ ń fi ọkọ̀ òfurufú lọ láàárọ̀ kùtù: ẹ sun òru ìkẹyìn sí Ìkẹjà.

## Láti ibi tí ẹ bá sọ̀ dé yàrá

Fún ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ má gbàgbé ọkọ̀ ojú irin láti Mọníyà. Alágoméjì ní Yábà ló ń gúnlẹ̀ sí, ó sì ń dúró ní Agége. Kò sí ìyọnu sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Berger nínú rẹ̀. Ẹ wo àkókò rẹ̀ dáadáa, torí kì í lọ ní gbogbo wákàtí.

Nínú Èkó fúnra rẹ̀, reluwé Blue Line ti ń ná Marina sí Mile 2 láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, láti Àgbàdo dé Oyíngbò, ó sì ń dúró ní Ìkẹjà, Òṣòdì àti Yábà. Káàdì Cowry lẹ máa fi wọ̀ wọ́n. Ẹ rà á, kí ẹ fi owó sí i. Káàdì kan náà lẹ máa lò nínú bọ́ọ̀sì BRT.

Ní pápákọ̀ òfurufú, ìgbésẹ̀ rẹ̀ rèé:

1. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba àpò lọ́wọ́ yín láti "bá yín gbé e". Ẹ máa sanwó rẹ̀.
2. Ẹ pe ọkọ̀ lórí áàpù kí ẹ tó jáde síta, kí ẹ sì ya àwòrán iye tí ó pè.
3. Bí awakọ̀ bá ní kí ẹ fagi lé e kí ẹ san owó sọ́wọ́ òun, ẹ kọ̀. Ẹ pe òmíràn.
4. Ẹ béèrè ẹni tó máa san owó geètì pápákọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ̀yin ni wọ́n sábà máa ń retí.

Ìkìlọ̀ méjì tó ti kó àlejò sí wàhálà. Àkọ́kọ́: láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Eti-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Súrùlérè, Lagos Island, Lagos Mainland àti Àpápá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n fi mẹ́rin kún un: Kòsọ́fẹ́, Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Mushin. Ẹni tó gùn ún àti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin lè mú. Èkejì: níbi tí afárá ẹlẹ́sẹ̀ bá wà, bíi Ọ̀jọ́ta àti Òṣòdì, ẹ gun afárá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń mú ẹni tó bá sáré gba abẹ́ rẹ̀ kọjá títì, ká má tíì sọ ti ọkọ̀ tó ń bọ̀.

## Kí ẹ tó tú ẹrù sílẹ̀

- Ẹ ṣe fídíò yàrá látòkè délẹ̀: aṣọ bẹ́ẹ̀dì, tẹlifíṣọ̀n, ilé ìwẹ̀, ògiri. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp lójú ẹsẹ̀.
- Ẹ tan amúlétutù, ẹ ṣí omi gbígbóná, ẹ tẹ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wò láti inú.
- Ẹ ka ohun tó wà nínú fíríìjì.
- Bí yàrá bá yàtọ̀ sí èyí tí ẹ sanwó fún, ẹ sọ ọ́ nísinsìnyí. Ó ṣòro gan-an láti gba ẹ̀dínwó lórí yàrá tí ẹ ti sùn nínú rẹ̀.

## Lọ́jọ́ ìjáde, àti bí wọ́n bá di owó yín mú

Ẹ gba ìwé owó yín ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe nígbà tí ọkọ̀ ti ń fọn fèrè nísàlẹ̀. Ẹ kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá ṣàjèjì, ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí ẹ ti buwọ́ lù ú hàn yín. Owó oúnjẹ tí ẹlòmíràn jẹ lè ṣèèṣì bọ́ sórí yàrá yín.

Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba owó ìdógò. Bí wọ́n bá ní orí àkáǹtì ni àwọn á dá a padà sí, ẹ gba àkọsílẹ̀ tó ní iye owó, ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá ń fi òní dónìí fi ọ̀la dọ́la:

1. Ẹ kọ lẹ́tà tàbí ímeèlì sí máníjà, pẹ̀lú fídíò ọjọ́ àkọ́kọ́ àti àdéhùn WhatsApp yín. Ẹ fún wọn ní ọjọ́ méje.
2. Bí ọjọ́ méje bá kọjá, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ LASCOPA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń dáàbò bo oníbàárà, tàbí FCCPC, ti ìjọba àpapọ̀. Òfin ọdún 2018 tó gbé FCCPC kalẹ̀ kò gbà kí oníṣòwò gba ju iye tó kọ síta lọ.
3. Bí ó bá jẹ́ pé lórí áàpù lẹ ti sanwó, ẹ fẹjọ́ sùn níbẹ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Àwọn áàpù máa ń fi gbèdéke sí i, ó sì lè má ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò níbẹ̀.